Ìtọ́jú Mercedes SL àtijọ́ kí òrùlé rẹ̀ má baà há sókè

Ẹni tó bá ra Mercedes SL tòkúnbọ̀, irú èyí tí wọ́n ṣe láàárín 1989 sí 2001 tí àwọn mọkáníìkì ń pè ní R129, tí òrùlé aṣọ rẹ̀ máa ń ṣí tó sì ń ká sẹ́yìn, kì í gbàgbé ẹ́ńjìnì. Á pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, á ra púlọ́ọ̀gì gidi, ọkọ̀ á máa dún bí ẹni pé àná ló jáde. Ọjọ́ tó bá wá fẹ́ ṣí òrùlé ni wàhálà máa ń dé. Òrùlé á gbéra, á dé agbede méjì, á dúró síbẹ̀, kò ní lọ, kò ní bọ̀. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, òjò àkọ́kọ́ inú oṣù Ẹrẹ́nà á rọ̀, onítọ̀hún á fẹsẹ̀ tẹ kápẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ ọjọ́ kejì, omi á ru jáde.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní Bódìjà ni mo wà nínú SL 320 ọdún 1997 tí mo ń lò, òrùlé dúró lókè bí agbòjò tí afẹ́fẹ́ ti yí padà, òjò sì ti ń ṣú. Èmi àti ọmọkùnrin kan tó ń ta ike omi la jọ fi nàìlọ́ọ̀nù bo àga. Nígbà tí ríwáyà dé, kò tú nǹkan kan. Ó fi wáyà so bátìrì mi mọ́ tiẹ̀, mo tẹ súìṣì, òrùlé sì pa dé. Bátìrì tó ti rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà.

Látìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé rírìn kọ́ ló ń pa ọkọ̀ yìí. Dídúró sójú kan ló ń pa á, àti omi. Ìdí nìyẹn tí mo fi to àwọn ìgbésẹ̀ ìsàlẹ̀ yìí bí mo ṣe tò wọ́n: bátìrì àti omi ló ṣíwájú, òrùlé tẹ̀ lé e, ẹ́ńjìnì tí gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń sáré sí wá gbẹ̀yìn.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

- Mítà kékeré tí àwọn ríwáyà fi ń wọn iná, àti chájà bátìrì tó máa ń dá dúró fúnra rẹ̀ bí bátìrì bá kún.
- Ọ́ìlì háídírọ́líìkì Mercedes tí wọ́n kọ 343.0 sí lára. Lítà kan tó.
- Okùn ike tí wọ́n ń fi sẹ́nu ẹ̀rọ tó ń gé koríko, ó kéré tán mítà méjì.
- Búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀, ọṣẹ olómi tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀, tówẹ̀lì rírọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin.
- Òróró sílíkóònù fún rọ́bà.
- Kúláńtì tí ó ní nọ́ńbà 325.0 lára, pẹ̀lú omi dístílì.
- Tọ́ọ̀ṣì, àti ìwé kan tí ẹ ó máa kọ ọjọ́ àti iye kìlómítà sí.

Bí ẹ bá ń ra ọ́ìlì tàbí kúláńtì ní Ládípọ̀ tàbí níbikíbi, ẹ rí i pé wọn ò tíì ṣí ìdérí rẹ̀ rí. Ẹ má gba èyí tí wọ́n dà láti inú dúrọ́ọ̀mù sínú ike omi, bó ti wù kí owó rẹ̀ rọrùn tó.

Ìgbésẹ̀ 1: Bátìrì

Inú búùtù ni bátìrì ọkọ̀ yìí wà. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ sùn mọ́jú, kí ẹ tó fi mítà kàn án láàárọ̀. Bí ó bá fi fóòtì 12.6 hàn, ó kún. 12.4 ṣì ṣeé fara mọ́. Bí ó bá ti wà lábẹ́ 12.2, ẹ má tẹ súìṣì òrùlé rárá, nítorí pọ́ǹpù tó ń gbé e ń jẹ iná púpọ̀, iná tí kò tó ló sì máa ń jẹ́ kó dúró sí agbede méjì. Ẹ so chájà mọ́ ọn ná.

Lẹ́yìn náà, ẹ tan ẹ́ńjìnì, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Ó yẹ kó wà láàárín 13.8 sí 14.4. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí ríwáyà wo jẹneretọ̀ ẹ́ńjìnì kí ẹ tó ná owó sórí bátìrì tuntun.

Ẹ fọ ojú bátìrì tí fúlùfúlù funfun bá ti hù sí. Omi gbígbóná díẹ̀ àti sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì (baking soda) máa ń mú un kúrò. Bí ẹ bá fẹ́ tú u, wáyà dúdú lẹ ó kọ́kọ́ yọ, òun náà lẹ ó sì dá padà kẹ́yìn.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe: bátìrì tó wà nínú búùtù gbọ́dọ̀ ní họ́ọ̀sì tín-ín-rín kan tó ń gbé èéfín ásíìdì lọ síta. Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ bátìrì, wọ́n á fi họ́ọ̀sì náà sílẹ̀ láì so ó. Èéfín náà á wá máa jẹ irin búùtù láti inú, ẹ ò ní mọ̀ títí ìpẹtà á fi yọ jáde.

Bí bátìrì bá ń kú lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ẹ kò gbé ọkọ̀, ohun kan ń mu iná nínú rẹ̀. Ẹ ti gbogbo ilẹ̀kùn, ẹ dúró fún wákàtí kan kí àwọn kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ sùn, kí ríwáyà wá wọn iná tó ń jò. Kò yẹ kó ju mílíáńpì 50 lọ.

Ẹ̀rí pé ó ti ṣe: lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti dúró fún ọjọ́ mẹ́rin, mítà ṣì fi ohun tó ju 12.4 hàn.

Ìgbésẹ̀ 2: Ọ̀nà tí omi ń gbà jáde

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fo ìgbésẹ̀ yìí. Gbogbo ọkọ̀ tó ń ṣí lórí ni omi ń wọ̀ lára. Wọ́n ṣe é kí omi lè wọlé sínú ojú gọ́tà, kí ó sì gba ihò jáde sí abẹ́ ọkọ̀. Bí ewé bá dí ihò náà, inú ọkọ̀ ni omi ń yà sí.

Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú, níbi tí ọwọ́ wáípà ti jáde. Bí ẹ bá ń gbé ọkọ̀ sábẹ́ igi fúrúǹtù tàbí mángòrò, ibẹ̀ lẹ ó ti bá ewé. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ki ọwọ́ bọ tèmi, ohun tí mo fà jáde kì í ṣe ewé mọ́. Ó ti di ẹrẹ̀ dúdú, ó ń rùn bí ìsàlẹ̀ ìkòkò àmu tí wọn kò fọ̀ láti ìgbà pípẹ́, kòkòrò kan sì ń rìn nínú rẹ̀. Ọwọ́ kún un ní ẹ̀ẹ̀mẹrin.

1. Ẹ fi ọwọ́ kó ìdọ̀tí tó wà lókè. Ẹ má fi omi fọ́ ọn wọlé, ńṣe lẹ ó kàn tì í sínú ihò.
2. Ẹ wá ihò tó wà ní apá ọ̀tún àti apá òsì. Ẹ ki okùn ike wọ inú rẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ máa yí i bí ẹni ń fi igi wá etí, títí ẹ ó fi rí orí rẹ̀ nísàlẹ̀.
3. Ẹ ṣe bákan náà fún ojú gọ́tà tó yí ẹnu búùtù ká, àti èyí tó wà níbi tí aṣọ òrùlé ń ká sí lẹ́yìn àga.
4. Ẹ da omi lítà kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀, kí ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀.

Ìkìlọ̀: ẹ má jẹ́ kí fọ́kànáísà fi afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ. Ó lè já họ́ọ̀sì kúrò lẹ́nu ibi tí wọ́n so ó mọ́ nínú ara ọkọ̀, omi á wá máa dà sí ibi tí ojú kò tó. Wáyà irin náà kò dára, ó ń gún họ́ọ̀sì lu.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì iwájú sókè. Kì í ṣe ojú kápẹ́ẹ̀tì lẹ ó fọwọ́ kàn, nítorí ojú rẹ̀ lè gbẹ kí fóòmù abẹ́ rẹ̀ ṣì kún fún omi. Ẹ tẹ pépà tíṣù mọ́ fóòmù náà fún bí ìṣẹ́jú kan. Bí pépà bá tutù, ẹ tú àga, ẹ gbé fóòmù jáde sóòrùn. Fóòmù tó tutù lára irin fún oṣù kan ti tó láti bẹ̀rẹ̀ ìpẹtà, àwọn wáyà tó gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì kọjá sì ń rà níbẹ̀.

Ẹ̀rí pé ó ti ṣe: omi lítà kan jáde sí abẹ́ ọkọ̀ láì dúró lókè, tíṣù sì gbẹ lẹ́yìn òjò ńlá kan. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ni mo ń ṣe é, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tí ó bá dáwọ́ dúró. Bí ọkọ̀ yín bá ń sùn lábẹ́ igi, ẹ máa ṣe é lóṣooṣù.

Ìgbésẹ̀ 3: Rọ́bà etí gíláàsì

Ọyẹ́ ń gbẹ rọ́bà bó ṣe ń gbẹ ètè. Ẹ fi omi ọṣẹ díẹ̀ nu gbogbo rọ́bà etí ilẹ̀kùn, ti orí gíláàsì iwájú àti ti etí òrùlé. Bí wọ́n bá ti gbẹ, ẹ fi aṣọ tín-ín-rín fi òróró sílíkóònù pa wọ́n, kó fẹ́lẹ́. Ẹ má lo Vaseline tàbí ọ́ìlì ẹ́ńjìnì. Wọ́n á mú rọ́bà dán fún ọ̀sẹ̀ kan, rọ́bà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú, á rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù.

Ẹ mú owó náírà bébà kan, ẹ fi há àárín gíláàsì àti rọ́bà, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ fà á. Bí ó bá yọ láì janpata, ibẹ̀ ni omi máa gbà wọlé. Ẹ yí i káàkiri ní bí ìka mẹ́rin síra, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tó bá dẹ̀.

Kí ẹ tó ra rọ́bà tuntun, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n wo bí gíláàsì ṣe dúró. Lọ́pọ̀ ìgbà gíláàsì ló kúrò lójú ọ̀nà, rọ́bà kò ṣẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Aṣọ òrùlé àti ike ẹ̀yìn

Àwọn ọmọ tó ń fọ ọkọ̀ lójú pópó ló ń ba aṣọ yìí jẹ́ jù, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ ibi. Wọ́n á gbé ọ̀pá omi tó ń tú pẹ̀lú agbára sún mọ́ ọn, ojú ìránṣọ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Wọ́n á bu ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun lé e, dúdú rẹ̀ á di àwọ̀ eérú. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n fọ ara ọkọ̀, kí wọ́n fi òrùlé sílẹ̀ fún yín.

Òrùlé gbọ́dọ̀ wà ní pípa dé. Ẹ kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá eruku kúrò láti iwájú lọ sẹ́yìn. Ẹ wá rin ín, ẹ fi ọṣẹ ọkọ̀ díẹ̀ nínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, kí ẹ sì ṣàn án títí ọṣẹ kankan kò fi ní kù. Ẹ fi sílẹ̀ kó gbẹ. Oòrùn àárọ̀ tó, ti ọ̀sán gangan le jù.

Ike tí ẹ ń wò sẹ́yìn nínú òrùlé kì í ṣe gíláàsì. Ẹ má nù ún ní gbígbẹ láé. Eruku ọyẹ́ tó wà lójú rẹ̀ dà bí iyanrìn lábẹ́ aṣọ inura. Ẹ da omi sí i, ẹ fi ọwọ́ yín gan-an tó mọ́ pa ọṣẹ sí i, ẹ tún ṣàn án, kí ẹ wá fi tówẹ̀lì tẹ omi kúrò láì fà á. Kẹrosíìnì, pẹtirólù, àti omi ìfọgíláàsì tó ní amóníà á mú un di aláwọ̀ wàrà.

Ohun tí mo fẹ́ tẹnu mọ́ jù: ẹ má ká òrùlé tó tutù. Bí òjò bá pa á, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ kí ẹ tó ṣí i. Ibi tí ó ń ká sí ṣókùnkùn, ó sì ń gbóná, ọjọ́ méjì ti tó fún ìbu láti hù sára rẹ̀. Ìbu tó bá wọ okùn aṣọ náà kì í jáde mọ́.

Ìgbésẹ̀ 5: Ọ́ìlì tó ń gbé òrùlé

Pọ́ǹpù kan nínú búùtù ló ń ti ọ́ìlì gba inú àwọn họ́ọ̀sì tín-ín-rín lọ sí àwọn sílíńdà kéékèèké tó ń na òrùlé, tó ń gbé ìdérí irin ẹ̀yìn àga, tó sì ń ti gbogbo rẹ̀ pa. Rọ́bà tó wà lórí ọ̀pá sílíńdà kọ̀ọ̀kan ti lé ní ogún ọdún báyìí, kódà nínú ọkọ̀ tó kéré jù lọ́jọ́ orí.

Ibi tó máa ń kọ́kọ́ hàn ni orí gíláàsì iwájú, níbi tí òrùlé ti ń kọ́ mọ́ ọkọ̀. Ẹ ṣí asà oòrùn ti awakọ̀ sílẹ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí òkè rẹ̀. Lára tèmi, ẹ̀kán kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó rọ̀ mọ́ etí ike bí omijé, ó mọ́ rekete. Mo rò pé òjò ni. Nígbà tí mo fìka nù ún tí mo fi àtàǹpàkò rà á, ó ń yọ̀. Oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn, ó ti ń kán sórí itan mi bí mo bá ń wakọ̀. Ẹni tó bá rí ẹ̀kán yẹn, kó mọ̀ pé sílíńdà iwájú ti ń jò.

1. Ẹ wo gígùn orí gíláàsì iwájú, òkè asà oòrùn méjèèjì, ẹ̀yìn dígí inú ọkọ̀.
2. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lẹ́yìn àga, ní abẹ́ ibi tí òrùlé ń ká sí. Kápẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dán.
3. Ẹ wo ike ọ́ìlì lára pọ́ǹpù nínú búùtù. Ipò tí òrùlé gbọ́dọ̀ wà kí ẹ tó ka ààlà rẹ̀ wà nínú ìwé ọkọ̀, ẹ tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá kà á ní ipò mìíràn, ẹ ó bu ọ́ìlì jù.
4. Bí ó bá dín, ẹ bu 343.0 sí i, díẹ̀díẹ̀.

Ìkìlọ̀ ńlá: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bu ọ́ìlì bíréèkì síbẹ̀, tàbí ọ́ìlì gíà pupa. Mo mọ ẹni tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, gbogbo sílíńdà ló ń jò pa pọ̀, àwọn tó tiẹ̀ dára tẹ́lẹ̀ náà.

Bí ọ̀kan bá ti ń jò, ẹ má ra sílíńdà tòkúnbọ̀ láti ara ọkọ̀ tí wọ́n ti tú. Bí tiẹ̀ náà ṣe gbó nìyẹn. Rọ́bà tuntun nínú sílíńdà tiyín ló máa tọ́jọ́, ó sì dára kí ẹ ṣe gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, torí ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n. Kí ẹni tó ń tú u lẹ téèpù pépà mọ́ họ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, kó kọ nọ́ńbà sí i. Bí wọ́n bá fi họ́ọ̀sì méjì sípò ara wọn, òrùlé á máa ti ara rẹ̀ síwá sẹ́yìn.

Ẹ̀rí pé ó ti ṣe: ẹ fi tíṣù funfun há àárín asà oòrùn àti òrùlé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kò gbọdọ̀ ní àbàwọ́n.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ ṣí òrùlé lẹ́ẹ̀kan lóṣù

Rọ́bà tí kò bá ń rìn nínú ọ́ìlì á gbẹ. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ yìí ló wọ Nàìjíríà pẹ̀lú òrùlé irin lórí, ẹni tó rà á kò sì yọ ọ́ rí. Òrùlé aṣọ á ti wà ní kíká lábẹ́ rẹ̀ fún ọdún márùn-ún. Òrùlé irin náà wúwo ju ọgbọ̀n kìlógíráàmù lọ, ó gbòòrò, ènìyàn méjì ló yẹ kó gbé e. Ẹni tó bá dá a gbé á fi gbo ọ̀dà ọkọ̀.

1. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ tan ẹ́ńjìnì kí iná lè tó. Inú gbàgede tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ni, kì í ṣe inú gáréèjì tó dé.
2. Ẹ wo òkè: ẹ̀ka igi, àjà, wáyà. Ẹ wo ibi tí òrùlé ń ká sí. Agbòjò, báàgì tàbí nǹkan ìṣeré ọmọdé tó bá wà níbẹ̀ á ya aṣọ.
3. Ẹ rí i pé búùtù ti pa dáadáa. Kí ọmọdé má sún mọ́ ọn.
4. Ẹ di súìṣì mú, ẹ má fi sílẹ̀ títí yóò fi parí. Gíláàsì á sọ̀ kalẹ̀, etí ẹ̀yìn aṣọ á dìde, ìdérí irin á ṣí, òrùlé á wọlé, ìdérí á padà. Bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá ni gbogbo rẹ̀.
5. Ẹ wo iná pupa súìṣì. Bí ó bá ṣì ń tàn, kò tíì tì tán, ẹ má wa ọkọ̀.

Bí ó bá dúró lágbede méjì, ẹ má fi ọwọ́ tì í. Ẹ fi súìṣì sílẹ̀, ẹ dúró díẹ̀, ẹ gbìyànjú láti dá a padà síbi tó ti bọ̀. Bí kò bá gbọ́, ẹ tẹ́tí: ṣé pọ́ǹpù ń dún nínú búùtù? Bí ó bá ń dún tí òrùlé kò rìn, ọ́ìlì tàbí sílíńdà ni. Bí kò bá dún, bátìrì, fíúùsì tàbí sẹ́ńsọ̀ kan ni. Ìyàtọ̀ yìí nìkan á gbà yín lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ta pọ́ǹpù tí ẹ kò nílò fún yín.

Bí ẹ bá wà lórí rẹ̀, ẹ tẹ súìṣì ọ̀pá ààbò tó wà lẹ́yìn àga, kó gòkè kó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Òun ló ń fò sókè láti dáàbò bo orí yín bí ọkọ̀ bá fẹ́ yí dànù. Kò dára kó jẹ́ ọjọ́ yẹn ló máa kọ́kọ́ rìn.

Ìgbésẹ̀ 7: Rédíétọ̀

Ìlú wa gbóná, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ wa sì gùn. Ìdajì kúláńtì, ìdajì omi dístílì, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì-méjì. Omi ẹ̀rọ àti omi kànga ń kó ìpẹtà sínú ẹ́ńjìnì tí orí rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù.

Bí ọkọ̀ bá ń gbóná, ohun àkọ́kọ́ tí àwọn kan máa sọ ni pé ká yọ tẹmositáàtì. Ẹ má gbà. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Òun ló ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnì mọ ìwọ̀n ìgbóná tó yẹ, bí kò bá sí níbẹ̀, ọkọ̀ á máa jẹ epo, ẹ ò sì ní mọ ohun tó ń mú un gbóná gan-an.

Ẹ wo ọrùn ike tí họ́ọ̀sì ńlá wọ̀ lára rédíétọ̀. Bí ó bá ti ní ìlà fínnífínní, ẹ pààrọ̀ rédíétọ̀ kó tó já. Lẹ́yìn tí ẹ bá pa ẹ́ńjìnì tó gbóná, tí ẹ sì mú kọ́kọ́rọ́ jáde, ẹ fọwọ́ yí fáànù iwájú. Ó yẹ kó le díẹ̀ lọ́wọ́ yín. Bí ó bá ń yí fẹẹ bí ti ọmọdé, ó ti kú.

Ẹ̀rí: nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀sán, abẹ́rẹ́ dúró láàárín 80 sí 100. Bí ó bá ń lọ sí 120, ẹ yà, ẹ pa á, ẹ má ṣí ìdérí títí yóò fi tutù.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ́ńjìnì àti wáyà rẹ̀

Ọ́ìlì, lẹ́yìn kìlómítà 8,000 tàbí ọdún kan, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ dé. Ẹni tó ń wakọ̀ ní ọjọ́ Àìkú nìkan kò ní pé 8,000 láàárín ọdún, àmọ́ ọ́ìlì náà ń gbó. Kí 229.1 tàbí 229.3 wà lára gálọ́ọ̀nù. Ti SL 320 mi ń gba bí lítà méje àbọ̀. Ẹ́ńjìnì yìí kò ní bẹ́líìtì táímìn, ṣéènì ló ní, nítorí náà ẹ má sanwó fún ẹni tó bá ní òun fẹ́ pààrọ̀ bẹ́líìtì náà.

Bí tiyín bá jẹ́ ti ọdún 1992 sí 1995, ẹ fara balẹ̀ níbí. Rọ́bà tí wọ́n fi bo wáyà ẹ́ńjìnì nígbà náà ń jẹra bí ooru bá ti pa á fún ọdún púpọ̀. Ẹ pa ọkọ̀ kó tutù, ẹ fa aṣọ dúdú tó bo wáyà sẹ́yìn díẹ̀ nítòsí ibi tó wọ púlọ́ọ̀gì, ẹ tẹ̀ ẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́. Bí ó bá ń bó bí èèpo ẹ̀pà, tí kọ́pà ń yọjú, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi téèpù wé e. Gbogbo ìdì wáyà náà lẹ máa pààrọ̀. Wáyà tó bá kan ara wọn níbẹ̀ lè sun kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnì.

Ìgbésẹ̀ 9: Gíà

Láti ọdún 1996 ni wọ́n ti ń fi gíà alákọ̀ǹpútà onípele márùn-ún sínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé ọ́ìlì rẹ̀ kì í kú, ẹ má gbọ́ tiẹ̀. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà ní kìlómítà 60,000. Nọ́ńbà tí ẹ máa wá lára ike ni 236.14. Kò ní ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì lára, mọkáníìkì gbọ́dọ̀ ní tiẹ̀, kó sì wọ̀n ọ́n nígbà tí gíà bá gbóná tó 80°C.

Ẹ ní kó wo ibi tí wáyà ti wọ ẹ̀gbẹ́ gíà. Rọ́bà kékeré kan wà níbẹ̀ tí kò wọ́n rárá. Bí ó bá gbó, ọ́ìlì á máa gun inú wáyà lọ díẹ̀díẹ̀ títí dé ojú kọ̀ǹpútà gíà. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pa pọ̀ mọ́ ọ́ìlì.

Ìgbésẹ̀ 10: Bíréèkì àti táyà

Ọ́ìlì bíréèkì DOT 4, ní ọdún méjì-méjì, nítorí ó ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ọ̀rinrin Èkó kò jẹ́ kí ó pẹ́.

Lára táyà, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn DOT. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Èyí tó bá ti lé ní ọdún mẹ́fà, ẹ yọ ọ́, bí ojú rẹ̀ tiẹ̀ ṣì jinlẹ̀. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú ìdérí ẹnu epo. Bọ́ọ̀tì táyà, 110 Nm lórí sípánà tó ń wọn agbára tí wọ́n fi dì í, kì í ṣe kí fọ́kànáísà fẹsẹ̀ gun sípánà.

Bí ọkọ̀ bá máa dúró ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ

Títan ẹ́ńjìnì fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ pa á kò ràn án lọ́wọ́. Ó ń jẹ bátìrì, ó sì ń fi omi sílẹ̀ nínú sáléńsà. Kí ẹnì kan wà á fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, tó bá ṣeé ṣe. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ kún epo, ẹ fi afẹ́fẹ́ díẹ̀ kún táyà, ẹ pa òrùlé dé ní gbígbẹ, kí ẹ so chájà mọ́ bátìrì. Bí iná ìjọba kò bá dúró, ẹ yọ wáyà dúdú lára bátìrì. Ẹ kọ́kọ́ wá kóòdù rédíò, ó sábà máa ń wà nínú àpò ìwé ọkọ̀, nítorí rédíò á bi yín ní i nígbà tí ẹ bá dá wáyà padà.

Ọjọ́ tí ẹ bá padà dé, ẹ wo abẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó wọlé. Ẹ tẹ́ páálí sílẹ̀ ní àṣálẹ́ ọjọ́ yẹn, kí ẹ wò ó láàárọ̀: ọ́ìlì ẹ́ńjìnì á dúdú, ti gíà á pupa, kúláńtì á lẹ̀ lọ́wọ́, omi afẹ́fẹ́ tútù nìkan ló máa gbẹ láì fi àmì sílẹ̀.